Bí Wikipéédíà Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pàdánù àwọn òǹkọ̀wé tuntun, àti ohun tí wọ́n dán wò láti dá wọn dúró

Lọ́dún 2007, àwọn tó ń ṣe àtúnṣe márùn-ún ó kéré tán lóṣù lórí Wikipéédíà Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí, lé ní 51,000. Nígbà tí ọdún 2013 fi máa dé ìdajì, wọ́n ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 31,000. Owó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn ń kọ ọ́. Kò sì sí ojúlé mìíràn tó wá já wọn gbà. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń lọ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kó gba ipò wọn ń dé, wọ́n ń wo yíká, wọ́n sì ń bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Àlàyé tó kọ́kọ́ ń bọ́ lẹ́nu èèyàn ni pé iṣẹ́ ti tán: gbogbo ìlú, gbogbo ọba, gbogbo ẹranko ti ní àyọkà tiwọn, kí ni ẹni tuntun tún fẹ́ kọ? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló tán, ẹni tuntun kò ní rí nǹkan kan ṣe rárá. Àwọn tí à ń sọ yìí rí nǹkan ṣe. Wọ́n forúkọ sílẹ̀, wọ́n tẹ àtúnṣe àkọ́kọ́ wọn, wọn kò kàn padà wá lọ́la ni.

Aaron Halfaker, R. Stuart Geiger, Jonathan Morgan àti John Riedl gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2013 tó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Wọ́n mú lára àwọn ẹni tuntun ọdọọdún, wọ́n ní kí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí oníkálukú kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹni yìí fẹ́ ṣe rere, ẹni yìí wá bà á jẹ́ ni. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó wá pẹ̀lú ọkàn rere kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù láàárín àwọn tó ń dé. Ohun tó pọ̀ sí i ni bí wọ́n ṣe ń kọ iṣẹ́ wọn dànù: wọ́n ń dá a padà, ìyẹn ni pé wọ́n ń yọ ọ́ kí ojúewé lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni rere tó dé lẹ́yìn 2007 ń rí kí wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ padà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé ṣáájú lọ, ẹni tí wọ́n bá sì ti dá iṣẹ́ rẹ̀ padà, pàápàá tó bá jẹ́ pé irinṣẹ́ ni wọ́n fi dá a padà tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀, kì í sábà dúró. Ojú ọ̀nà àbáwọlé ni ìṣòro wà. Ẹni tó bá ń wá a níbòmíràn yóò kàn máa ná owó sí ìpolówó lásán ni.

Ibi tí nǹkan ti yí padà

Nígbà tí Wikipéédíà bẹ̀rẹ̀ ní January 2001, ẹni tó bá ti lè tẹ «àtúnṣe» ti di òǹkọ̀wé. Èèyàn kò pọ̀, òfin kò pọ̀, ẹni tó bá kọ ìsọkúsọ, ẹlòmíràn á rọra yọ ọ́. Láàárín 2004 sí 2007 ni èrò ya wọ̀ ọ́. Àwọn òbàyéjẹ́ náà kò gbẹ́yìn. Ní May 2005, ẹnì kan tí kò forúkọ sílẹ̀ dá ojúewé kan sílẹ̀ nípa John Seigenthaler, akọ̀ròyìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n fura sí i nínú ikú àwọn Kennedy. Irọ́ gbáà ni. Ó sì wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó mú un kúrò. Ní December ọdún náà ni wọ́n fòfin dè é pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò lè dá àyọkà tuntun sílẹ̀ mọ́ lórí Wikipéédíà Gẹ̀ẹ́sì.

Láti ìgbà náà ni gbogbo agbára ti lọ sí ìṣọ́ ilé. Bọ́ọ̀tì kan, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́, tó ń jẹ́ ClueBot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2007, ó ń dá àwọn ìbàjẹ́ tó hàn gbangba padà fúnra rẹ̀. Twinkle, irinṣẹ́ tí èèyàn fi ń dá àtúnṣe padà kíákíá, dé láàárín àsìkò kan náà, Huggle tó jọ ọ́ tẹ̀ lé e lọ́dún 2008, ClueBot NG sì rọ́pò bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ lọ́dún 2010. Kí á sọ ọ́ bó ṣe rí: àwọn irinṣẹ́ yìí ṣiṣẹ́. Láìsí wọn, ojúlé náà ì bá ti kún fún èébú. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe àti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́.

Àtúnṣe kan, láti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ dé ọwọ́ ẹni tó dá a padà

Ká mú olùkọ́ kan tó mọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dunjú. Ó ka àyọkà ilé ẹ̀kọ́ náà, ó rí i pé ọdún tí wọ́n kọ́ ilé ìkàwé rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ó sì fi gbólóhùn kan kún un. Kò fi ìtọ́kasí, ìyẹn ìwé tó jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà, sí i, torí kò mọ̀ pé wọ́n ń fi í sí i, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i.

Lódì kejì, ẹnì kan jókòó ti Huggle. Irinṣẹ́ náà ń to àwọn àtúnṣe sílẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó jọ ìbàjẹ́ jù ló ń fi síwájú. Ohun tó ń rí lójú iboju ni ọ̀rọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Orúkọ tuntun, kò sí ìtọ́kasí, ọdún tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ́rìí sí. Ó tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Bọ́tìnnì yẹn dá gbólóhùn náà padà, ó sì lẹ àdàkọ ìkìlọ̀ (ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀) mọ́ ojúewé ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa, ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń kọ̀wé sí i, lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo rẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Bó bá fẹ́ ran olùkọ́ náà lọ́wọ́ ni, yóò ní láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kó wá ìwé tó sọ ọdún náà, kó fi ìtọ́kasí sí i, kó sì kọ lẹ́tà kékeré sí i. Ìyẹn á gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún àtúnṣe á sì ti tò sẹ́yìn dè é. Irinṣẹ́ tó bá mú kí kíkọ̀ rọrùn, tó sì jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ le, ti yan ohun tí àwọn tó ń lò ó yóò máa ṣe.

Olùkọ́ wa padà dé, ó rí i pé gbólóhùn òun ti pòórá. Ó rò pé ẹ̀rọ ló gbé e mì, ó tún un kọ. Wọ́n tún un dá padà. Àwọn àdàkọ ìkìlọ̀ yìí jẹ́ ìpele mẹ́rin: èkíní gbà pé èèyàn ṣèèṣì ni, èkejì kò sọ bóyá ó ṣèèṣì tàbí kò ṣèèṣì, ẹ̀kẹta ní kó jáwọ́, ẹ̀kẹrin ni ìkìlọ̀ ìkẹyìn kí wọ́n tó dí i lọ́nà. Òfin mìíràn tún wà tó ní ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ ẹlòmíràn padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín wákàtí 24 lórí ojúewé kan. Olùkọ́ wa kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n lè ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sun alámùójútó, òǹkọ̀wé tí wọ́n fún láṣẹ láti dí èèyàn lọ́nà àti láti pa ojúewé rẹ́, àkántì rẹ̀ sì ti wà ní títì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí tó rú òfin ojúlé yàtọ̀ sí òun, òun sì ni ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé ìkàwé náà.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n fi ń pàdánù èèyàn yára ju ìyẹn lọ: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àyọkà tuntun. Alámùójútó lè pa ojúewé rẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí kò bá sọ ohun kan tó mú kí ẹni tàbí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ ṣe pàtàkì. Àwọn tó ń ṣọ́ ojúewé tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nítorí náà ẹni tó kọ ìpínrọ̀ kan, tó tẹ «fi pamọ́» kó lè lọ wá ìtọ́kasí, lè padà dé bá àmì ìparẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé àtijọ́ mọ̀ pé inú ààyè tirẹ̀ ló yẹ kó ti kọ ọ́ pé kó tó gbé e jáde. Ẹni tuntun kò lè mọ̀, torí bọ́tìnnì tó tẹ̀ kò sọ fún un.

Ìwádìí 2013 yẹn tún tọ́ka sí ohun kẹta, èyí tí a ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: láti nǹkan bí 2007, àwọn ojúewé tí òfin wà lórí wọn ti gan. Ẹni tuntun tó bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á dá a padà ju bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbà lọ. Àwọn tí òfin ń dùn jù ni kò lè tún un ṣe.

Ohun tí wọ́n dán wò

Wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ ọ̀rọ̀ inú àdàkọ. Ní 2011 àti 2012, wọ́n dán oríṣiríṣi ìkìlọ̀ wò lára àwọn ẹni tuntun, èyí tó gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kúrú, èyí tó ń sọ̀rọ̀ bí òfin lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Láti ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ ìpele kìíní tó wà báyìí ti wá: ẹni tó dá iṣẹ́ padà ń kí ọ, ó ń sọ orúkọ ara rẹ̀, ó ń sọ ohun tó ṣe àti ìdí rẹ̀, ó sì ń fi ojúewé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ hàn ọ́ tí o bá fẹ́ bi í. Iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni, ẹnikẹ́ni tó ń bójú tó ojúlé tí èèyàn ń kọ̀wé sí lè ṣe é lọ́sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dojú kọ irinṣẹ́ ìkọ̀wé. Ṣáájú 2013, ẹni tó bá tẹ «àtúnṣe» á kàn rí àmì onígun, àmì ìlà àti àkámọ́ oníkọ́ tó kún inú ọ̀rọ̀ bí ẹ̀gún. Gbogbo èèyàn ló gbà pé ibẹ̀ ni ẹni tuntun ti ń sá. VisualEditor, tó ń jẹ́ kí èèyàn kọ̀wé bó ṣe máa rí gan-an, di ohun tí gbogbo oníṣe ń bá pàdé lórí Wikipéédíà Gẹ̀ẹ́sì ní July 2013. Ó fà, ó ń ba àwọn àtẹ jẹ́, ó ń fi àmì tí kò yẹ sínú àyọkà, àwọn àgbà ojúlé sì fárígá. Ní September wọ́n ti dá a padà sí ohun tí èèyàn fúnra rẹ̀ yóò yàn. Èyí tó yẹ ká mú níbẹ̀ wá lẹ́yìn rẹ̀: nígbà tí irinṣẹ́ náà ti dára, tí wọ́n sì dán an wò lára àwọn ẹni tuntun lọ́dún 2015, kò hàn pé ó mú kí wọ́n dúró ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ìkọ̀wé tó rọrùn dára fún ara rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n máa dá iṣẹ́ rẹ̀ padà á kàn tètè dé ibi tí wọ́n ti máa dá a padà ni.

Ohun tó mú èso wá ni Teahouse, tí wọ́n ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012. Ojúewé ìbéèrè kan ni, àwọn òǹkọ̀wé tó ti pẹ́ ló sì ń gbàlejò níbẹ̀, pẹ̀lú ìlànà pé kí wọ́n dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n yẹra fún fífi orúkọ òfin kúkúrú dá èèyàn lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn wá ló ṣe kókó. Bọ́ọ̀tì kan ń wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀, ó ń mú àwọn tó ti ṣe àtúnṣe bíi mélòó kan láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń yọ àwọn tí wọ́n ti kìlọ̀ líle fún tàbí tí wọ́n ti dí lọ́nà, ó sì ń fi ìwé ìpè sójú ewé àwọn tó kù lórúkọ olùgbàlejò tó jẹ́ èèyàn gidi. Wọ́n dá apá kan sí láìpè, kí wọ́n lè fi wé. Àwọn tí wọ́n pè ń padà wá ju àwọn tí wọn kò pè lọ, ìyàtọ̀ náà sì ṣì wà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kì í ṣe ìyàtọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n dán wò lọ́dún wọ̀nyẹn, díẹ̀ ló ní ìyàtọ̀ kankan láti fi hàn.

Ìdí tó fi ṣiṣẹ́ ni àsìkò. Ìpè dé nígbà tí ọwọ́ ẹni tuntun ṣì ń gbóná. Ẹni tó bá ní kí òun dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó kí àlejò, àlejò ti lọ.

Ìdánwò kan tún wà tí àwọn olùdarí ojúlé máa ń gbàgbé. Láti September 2017 sí March 2018, wọ́n dán an wò pé ẹni tí àkántì rẹ̀ kò bá tíì pé ọjọ́ mẹ́rin, tàbí tí kò tíì ṣe àtúnṣe 10, kò lè gbé àyọkà tuntun síta fúnra rẹ̀; kó kọ́kọ́ gba ibi àyẹ̀wò kọjá. Àwọn kan bẹ̀rù pé èyí ni yóò pa ojúlé náà. Kò pa á: àyẹ̀wò kò rí i pé iye àwọn tó ń dúró dín kù, ẹrù àwọn tó ń ṣọ́ ojúewé tuntun sì fúyẹ́. Wọ́n sọ ọ́ di òfin ní 2018. Ẹrù náà kò sì ṣàìlọ síbì kan: ó lọ jókòó sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò, ìlà wọn sì gùn. Nítorí náà, ìlẹ̀kùn tó ṣòro díẹ̀ kì í lé èèyàn bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ohun tó ń lé wọn ni ìlẹ̀kùn tó ṣí gbayawu, tí wọ́n wá ń lu ẹni tó bá wọlé.

Yíya aláìmọ̀ọ́ṣe kúrò lára òbàyéjẹ́

Ní ìparí 2015, Halfaker àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ORES jáde, ètò kan tó ń fi ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ (ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà kọ́ láti inú àpẹẹrẹ) díwọ̀n àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ìbéèrè méjì ló ń dáhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé àtúnṣe yìí ba àyọkà jẹ́? Ṣé ọkàn rere ni ẹni náà fi ṣe é? Lọ́dún 2017, wọ́n gbé ìdáhùn méjèèjì yìí wọ inú ojúewé tí wọ́n ti ń wo àwọn àtúnṣe tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ lè wá sọ pé kí wọ́n fi àwọn tó bà á jẹ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ọkàn rere nìkan hàn òun. Ìyẹn gan-an ni àtòjọ àwọn tó yẹ kí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Olùkọ́ wa ìṣáájú á wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò lè bàjẹ́

Láti 2018 ni ẹgbẹ́ kan nínú Wikimedia Foundation, àjọ tó ń gbé Wikipéédíà ró, ti mú ọ̀rọ̀ ẹni tuntun bí iṣẹ́ gidi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn Wikipéédíà kéékèèké bíi ti Czech àti ti Korea kó tó dé ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fún ẹni tuntun ní ojúewé ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2019. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tó tọ́ kí olùdarí ojúlé èyíkéyìí wò dáadáa.

Èkíní ni iṣẹ́ tí wọ́n dábàá fún un, tí wọ́n pín sí èyí tó rọrùn, èyí tó wà láàárín àti èyí tó le. Ní 2021 ni wọ́n fi ìsopọ̀ kún un: ẹ̀rọ á tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan nínú àyọkà, á dábàá àyọkà tó yẹ kó so mọ́, ẹni tuntun á sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ṣeé ṣe lórí fóònù, láàárín ìṣẹ́jú kan, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n ṣe ń dá ti ẹni tuntun mìíràn padà. Àwọn àgbà kan ń ṣàròyé pé ìsopọ̀ ti ń pọ̀ jù, torí náà wọ́n fún ojúlé kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti dín iye tí ẹnì kan lè ṣe lóòjọ́ kù. Ẹ̀dùn ọkàn wọn tọ̀nà, àmọ́ ẹni tó bá fi ìsopọ̀ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bá a wí, ti mọ̀ pé òun lè ṣe é.

Èkejì ni olùtọ́nisọ́nà. Ètò náà ń yan ọ̀kan fún ẹni tuntun láìjẹ́ pé ó béèrè, orúkọ rẹ̀ á sì wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè nǹkan kan. Olùtọ́nisọ́nà lè dín iye èèyàn tí wọ́n ń fún un kù tàbí kó fi kún un, kó sì sọ pé òun kò sí nílé. Ibi tí ètò báyìí ti máa ń kú nìyẹn níbòmíràn: orúkọ ẹni tó ti fi ojúlé sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá ṣì ń gba ìbéèrè.

Ẹ̀kẹta kò gba àfiyèsí tó: àpótí kékeré kan tó ń fi han ẹni tuntun iye ìgbà tí èèyàn ti wo àwọn ojúewé tó fọwọ́ kàn. Ẹni tó fi àmì ìdánudúró méjì sí àyọkà kan á rí i pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ka ojúewé náà. Fún ẹni tí wọn kò san owó fún, kò sí owó oṣù tó ju èyí lọ.

Bí wọ́n ṣe ń wọn àbájáde ni kí ẹni tó ń bójú tó ojúlé àpilẹ̀kọ daakọ. Wọn kì í ka iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀, torí iye yẹn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ń ka ìdá àwọn tó ṣe àtúnṣe àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24, ìdá àwọn tó padà wá lọ́jọ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, àti ìdá iṣẹ́ wọn tí wọ́n dá padà láàárín wákàtí 48. Nọ́ńbà mẹ́ta, fún ẹgbẹ́ tó wọlé lóṣù kan náà, pẹ̀lú apá kan tí wọn kò fún ní ohun tuntun náà láti fi wé. Tí nọ́ńbà kìíní bá gòkè tí ẹ̀kẹta náà sì gòkè, ẹ kàn ń kó èèyàn wá jìyà ni.

Ìjásílẹ̀ náà dúró lẹ́yìn 2014. A kò lè sọ pé ohun kan pàtó nínú àwọn wọ̀nyí ló dá a dúró, iye náà kò sì padà sí ti 2007.

Ìṣòro tí gbogbo ètò yìí kò tètè rí ni fóònù. Gbogbo ìkìlọ̀, ìkíni àti ìpè ń lọ sí ojúewé ọ̀rọ̀, ojúewé ọ̀rọ̀ sì hàn kedere lórí kọ̀ǹpútà. Lórí áàpù Wikipéédíà àti lórí ojúlé fóònù, ó pẹ́ gan-an tí àmì pé ẹnì kan kọ̀wé sí ọ kò fi hàn dáadáa, tàbí kò hàn rárá fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀. Àwọn alámùójútó ń dí àwọn èèyàn lọ́nà pé wọ́n kọ etí ikún sí ìkìlọ̀ mẹ́rin, nígbà tí ẹni náà kò rí ẹyọ kan. Àwọn tó ń ṣe áàpù ti tún púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe láti nǹkan bí 2021. Ẹni tó bá ń gbé irú ètò yìí kalẹ̀ níbòmíràn, kó mú fóònù olówó kékeré kan, kó fi àkántì tuntun wọlé, kó kọ̀wé sí ara rẹ̀ láti àkántì kejì, kó wá wo iye ìgbà tó máa tẹ iboju kó tó rí i.